Ohùn Tó Wà Lẹ́nu Àwòko

Ọjọ́ tí Àwòko kọ́kọ́ kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá tó tọ́ ọ dàgbà ò pàtẹ́wọ́. Ó rọra gbé ife ọwọ́ ẹ̀ sórí tábìlì, ó wo ọmọ bíbí inú ẹ̀ tó jókòó tì í, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

"Ohùn tìẹ nìyẹn."

Ọmọ ò dá a lóhùn. Kí ni ì bá fi dá a lóhùn? Láti òwúrọ̀ burúkú kan báyìí ni ohùn ti kúrò lọ́fun ẹ̀, èyí tó kù síbẹ̀ ò ju kí ewé gbígbẹ máa ha ilẹ̀ símẹ́ǹtì lọ. Ó ṣáà ń wò. Ẹnu ẹlòmíì ló ń là, ohùn òun ló ń jáde.

Iṣẹ́ ìránṣọ ló ń ṣe, Aránṣọ náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó ń kọrin yẹn, ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀ ni. Eyín ọmọ náà ò tíì pé lẹ́nu tí ìyá ẹ̀ fi kú, ni Màmá bá gbé e wálé, ó fi kún èyí tó bí. Orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì jọ sùn dàgbà, kànrìnkàn kan náà ni wọ́n jọ fi wẹ̀. Orin pàápàá, wọ́n jọ ń kọ ọ́ ni: Aránṣọ á dá a, àbúrò ẹ̀ á gbè é. Bí wọ́n bá ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, àwọn aládùúgbò á pa rédíò tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá orin layé ń rántí. Ẹni tó ń gbè é, àfi kó máa gbè é lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Nígbà tí ilé tẹlifíṣọ̀n kéde pé àwọn ń wá akọrin tuntun tí gbogbo ayé máa fi fóònù dìbò fún, àwọn méjèèjì ní àwọn ń lọ. Nígbà tó ku ọ̀la, àbúrò po oyin mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Ẹ mu ún tán o, Àǹtí mi, kí ọ̀fun yín lè mọ́."

Aránṣọ mu ún tán. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó la ẹnu láti kí ìyá ẹ̀, ohùn ò jáde. Àbúrò sunkún, ó sun ún tọkàntọkàn, ojú ẹ̀ wú. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó gba ibi ìdíje lọ. Ojú ń sunkún, ẹsẹ̀ ń lọ. Dókítà tan iná sí ọ̀fun Aránṣọ, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní kó lọ sinmi. Ó sinmi títí, ọ̀fun ẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ń sinmi fún òun.

Lálẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, àwọn adájọ́ dìde dúró lórí tẹlifíṣọ̀n. Atọ́kùn ètò ní irú ohùn báyìí, ti àwòko ni, ẹyẹ tí kò sí orin ẹyẹ mìíràn tí kò lè kọ. Báyìí ni orúkọ mọ́ ọmọ náà lára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé àwọn ti sọ òtítọ́.

*

Màmá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣá ọwọ́ òsì lọ́gbẹ́, ara kan náà ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Aránṣọ gbọ́, ó ṣáà ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ bí ẹni ń tẹ orí ejò mọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó gbé báàgì, ó ní òun ń lọ ra bọ́tìnnì.

Kì í ṣe bọ́tìnnì ló lọ rà. Agbẹ̀bí àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn àtijọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé èyí tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé ò tó ìdajì èyí tó mọ̀. Yàrá ẹ̀ mọ́ tónítóní. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun ṣì wà lórí tábìlì, pẹ̀lú báṣíà funfun kan àti àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu. Ó ní kí Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi inú báṣíà kó pe orúkọ ara ẹ̀. Aránṣọ fi ọ̀fun háháhá yẹn pè é. Omi ò mì. Agbẹ̀bí náà bẹ̀rẹ̀, ó pe orúkọ kan náà, omi sì yí po lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó tún dákẹ́.

"Wọn ò pa ohùn ẹ," ni ìyá àgbà wí. "Wọ́n tì í mọ́ ara ẹlòmíì ni. Èmi ni mo ń gba igbe àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ tuntun. Mo mọ èyí tó kú, mo mọ èyí tó wà ní àhámọ́."

Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn ní ohun tí wọ́n fi tì í ò ní í jìnnà sí ara ẹni tó gbà á, kí Aránṣọ lọ wá a, ṣùgbọ́n kó má ṣe já a. Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní kò sí ènìyàn tó ń fi ara pamọ́ fún ẹni tó mú téèpù ìwọnra lọ́wọ́.

*

Aránṣọ ló máa ń sọ pé iṣẹ́ òun ò já òun kulẹ̀ rí, kò sì já a kulẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí náà. Ilé tẹlifíṣọ̀n ń wá ẹni tó máa rán aṣọ fáwọn akọrin. Ó kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lọ, wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ó ti pẹ́ tóun ti ń wá aránṣọ tí kì í sọ̀rọ̀.

Yàrá ìmúra náà gùn bí ọ̀nà ọ̀fun. Gílóòbù yí dígí ńlá ká, aṣọ so rọ̀ lórí irin láti òpin dé òpin, òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti lọ́fínńdà sì kún ibẹ̀. Nígbà tí Àwòko wọlé tó rí ẹni tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Ó tẹ eékún, ó kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní ṣé Màmá wà dáadáa. Aránṣọ mi orí. Ó na téèpù.

Ó wọn èjìká, ó wọn àyà. Nígbà tó dé ìbàdí, ìka ẹ̀ kan nǹkan kan lábẹ́ ṣìmí. Àgádágodo kékeré ni, kò tó èékánná àtàńpàkò, wọ́n fi òwú dúdú so ó mọ́ ìdí. Pípa ni wọ́n pa á dé. Irin tó yẹ kó tutù nínú òtútù yàrá yẹn gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ohun tó sì mú kí irun orí Aránṣọ dìde ni pé ó ń mì. Ó ń mì jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ẹni tó ń kọrin.

Àwòko di ọwọ́ ẹ̀ mú. Wọ́n wo ara wọn nínú dígí.

"Ẹ má wọn ibẹ̀, Àǹtí mi," ló wí, pẹ̀lú ohùn dídùn tí kì í ṣe tiẹ̀.

Aránṣọ ká téèpù ẹ̀. Ó mi orí, bí aránṣọ ṣe ń mi orí fún oníbàárà.

*

Àwòko ò lè sùn mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọn aṣọ yẹn ló ti burú sí i. Bó bá ti sùn, ohùn á jí. Ètè ẹ̀ á pa pọ̀, ọ̀fun ẹ̀ á sì máa kọrin lábẹ́ aṣọ ìbora, orin tí òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa ń kọ bí wọ́n bá ń fọṣọ. Dídá orin nìkan ni. Á dákẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n gbè é, á dúró, kò ní í gbọ́ ègbè, á tún bẹ̀rẹ̀. Akọrin tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan nílé tí wọ́n kó àwọn olùdíje sí kó ẹrù ẹ̀ jáde, ó ní òun ò bá wọn wá ibi tí ẹni tó sùn ti ń kọrin.

Ni Àwòko bá fi ìborùn bo ojú, ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, ẹni tó fún un ní àgádágodo yẹn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Lójú gbogbo ayé, kọ́kọ́rọ́ ló ń gbẹ́. Àgádágodo so rọ̀ lára ògiri ẹ̀ láti òkè délẹ̀, pípa ni gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó rí i kó ta ọ̀kan rí. Bàbá náà gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ láì gbé ojú kúrò lára irin tó ń rẹ́. Ó ní ohùn ti gbóòórùn ẹni tó ni ín. Kí ìdíje tó parí, ẹni yẹn ò gbọdọ̀ lè rìn wá síbi tí Àwòko bá wà.

Ó bu ẹ̀tù dúdú sínú bébà, ó ní kó lọ dà á sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lóru. Ó béèrè ẹni tó ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn jáde nílé yẹn láàárọ̀.

Àwòko ní Aránṣọ ni, òun ló ń gbálẹ̀ ojúde. Irọ́ kọ́ ló pa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà tóun ṣì ń gbé ibẹ̀.

*

Ṣùgbọ́n Aránṣọ ti ń pẹ́ níbi iṣẹ́ nígbà náà, ó ń pẹ́ jí. Màmá ló mú ìgbálẹ̀. Màmá ló ṣílẹ̀kùn, tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ẹnu ọ̀nà, tó sì ṣubú bí ẹni tí wọ́n gé ní oríkèé.

Kí oòrùn tó gun, ẹsẹ̀ náà ti wú débi pé awọ ẹ̀ ń dán. Kò ké. Ó kàn ń béèrè lọ́wọ́ Aránṣọ pé kí ló dé tí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà fi gbóná. Aránṣọ lọ wò ó. Ẹ̀tù dúdú díẹ̀ ló kù nínú ihò símẹ́ǹtì. Ó jókòó sórí àkàsọ̀, ó ń wò ó. Kò sunkún. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ti kọjá ibi tí omi ojú lè dé.

Títí di ọjọ́ yẹn, ohùn ẹ̀ nìkan ló fẹ́ gbà padà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló fẹ́ gba nǹkan mìíràn kún un.

Agbẹ̀bí gbóòórùn ẹ̀tù náà, ó yí ojú kúrò. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìgò kan sán lórí tábìlì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà wo ìgò náà, ó ní oníirin tó ti ohùn yẹn mọ́lé ti mọ̀ pé òun wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà sì ṣe fẹ́ ẹ. Ó fún un ní ìpara tí wọ́n máa fi pa ẹsẹ̀ Màmá. Ẹsẹ̀ á san, ṣùgbọ́n kò ní í rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló fa òwú funfun kan jáde látinú ìgò, omi dúdú ń kán lára ẹ̀. Ó ní kó fi rán inú ìbàdí aṣọ tí Àwòko máa wọ̀ lálẹ́ àṣekágbá, kí òwú yẹn lè fara kan irin. Ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ.

"Nǹkan kan ló kù," ó wí. "O lè pe ohùn ẹ nígbà tí ọmọ yẹn bá ń múra. Á wọlé wá bá ẹ wọ́ọ́rọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. O sì lè pè é láàárín orin, lójú gbogbo ayé. Èwo lo fẹ́?"

"Láàárín orin," ni Aránṣọ wí. Kò ronú sí i rárá.

*

Aṣọ náà lẹ́wà. Gbogbo ẹni tó rí i ló sọ ọ́. Aránṣọ ti fi ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ rán an, tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó, kò sì sí ibi tí abẹ́rẹ́ ti hàn. Nígbà tó ń fa sípù ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, Àwòko gbọ̀n. Ó ní aṣọ náà tutù níbàdí. Aránṣọ fọwọ́ ra á lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra ẹṣin.

Wọ́n pè é jáde. Iná ràn. Gbọ̀ngàn kún dé ẹ̀yìn, kámẹ́rà ń yí kiri. Aránṣọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì, níbi tí aránṣọ máa ń dúró sí bí aṣọ bá lọ ya.

Àwòko kọrin. Kò kọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Èèyàn ń nu ojú. Orin náà gun òkè lọ, ó dé ibi tó ga jù, ibi tí gbogbo ilé ti dá èémí dúró, ni Aránṣọ bá fi ẹnu kan kọ́tìnnì, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́:

"Odò kì í ṣàn títí kó gbàgbé orísun. Èéfín kì í wọ yàrá kó má mọ ojú fèrèsé. Àlejò kì í pẹ́ títí kó gbàgbé ilé. Ohùn mi, ilẹ̀ ti ṣú, máa bọ̀ nílé."

Irin kékeré kan bọ́ sílẹ̀ lórí sítéèjì, ó dún *tín*. Ó sì parí. Ohùn gé lẹ́nu Àwòko bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì gé òwú. Ó la ẹnu, ó fi gbogbo ara tì í, háháhá bí ewé gbígbẹ ló jáde lójú máíkì. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ooru wọ ọ̀fun Aránṣọ, ó kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó di ẹnu ara ẹ̀ mú kó má baà ké.

Wọ́n ní ní àkókò yẹn gan-an, gbogbo àgádágodo tó wà lára ògiri Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó tún rí i lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn mọ́.

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Aránṣọ ń dúró de ariwo ẹ̀gàn. Ó ti ń retí ẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ṣubú, ó sì ti gbọ́ ọ lọ́kàn títí ó fi mọ̀ ọ́n bí orin.

Kò gbọ́ ọ. Obìnrin kan níwájú ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àwòko kọ orin náà lọ. Ẹlòmíì gbè é. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, gbogbo ilé ti ń kọ ọ́ fún un, wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ń sunkún. Atọ́kùn gbá a mọ́ra, ó ní ẹ wo ọmọ tó fún wa lórin títí ohùn ẹ̀ fi tán. Wọ́n dìbò fún un bí ẹni ń da omi. Wọ́n dé e ládé.

Aránṣọ dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú ohùn ẹ̀ lẹ́nu, odindi, gbogbo ẹ̀, kò sì rí ohun tó máa fi wí.

*

Ayé ń dúró de Àwòko kí ara ẹ̀ yá. Àwòrán ẹ̀ wà lára ògiri ìgboro, wọ́n ti kéde àwọn ibi tó ti máa kọrin. Àwòko sáré lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ṣọ́ọ̀bù ṣófo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Aránṣọ ń lọṣọ ní yàrá ìmúra, ó rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń kọrin. Máníjà Àwòko ṣílẹ̀kùn. Ó dúró síbẹ̀ títí orin fi parí. Ó ní òun rò pé ara Àwòko ti yá ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Aránṣọ ṣe mọ irú ohun tó gbà padà. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn yìí kó má pe Àwòko. Bó bá gbé e lọ síwájú adájọ́, wọn á ní ó ń sín Àwòko jẹ. Tiẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíì ló ń jẹ́.

Máníjà yára ronú, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí Aránṣọ máa dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú máíkì, kí Àwòko máa la ẹnu níwájú. Ojú tọ̀hún, ohùn tibí. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Aránṣọ lọ sọ fún Màmá, Màmá ní rárá. Ó ní ẹ̀san tí wọ́n ti gbà yẹn ti tó, kí wọ́n mú ọmọ yẹn wálé kí wọ́n jọ jókòó, ọmọ òun làwọn méjèèjì. Aránṣọ fi ìpara pa ẹsẹ̀ tí kò rìn dáadáa mọ́ náà, ó pa á dé orúnkún, ó pa á dé ọmọ ìka.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ yàrá ibi tí Àwòko wà. Àwòko rí i, ó wó lulẹ̀ lórí eékún.

"Ẹ dárí jì mí, Àǹtí mi." Èéfín ọ̀rọ̀ nìkan ló jáde. "Èmi ò mọ̀ pé Màmá ló máa tẹ̀ ẹ́."

"Èmi lo rò pé á tẹ̀ ẹ́," ni Aránṣọ wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àwòko máa gbọ́ ohùn yẹn láti ìta ara ẹ̀ látìgbà tó ti jí i. "Dìde, aṣọ ẹ á rún. Mo máa kọ ọ́ fún ẹ. Gbogbo alẹ́ tí wọ́n bá pè ẹ́, mo máa wà lẹ́yìn ẹ."

Àwòko kọ́kọ́ rò pé àánú ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e, ojú ẹ̀ sì yí padà.

Alẹ́ àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn kún. Kọ́tìnnì dúdú ni wọ́n ta sẹ́yìn sítéèjì, Aránṣọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀ lórí àga pẹ̀lẹ́bẹ́, máíkì wà lójú ẹ̀. Ó ti gé ihò kékeré kan sára kọ́tìnnì náà, ó fi abẹ́rẹ́ rán etí ẹ̀ kó má baà tú. Láti ibẹ̀ ló ti ń rí ẹ̀yìn ọrùn Àwòko. Àwọn èèyàn ń pe orúkọ. Dùùrù bẹ̀rẹ̀, ìlù bọ́ sí i, ó dé ibi tí orin yẹ kó wọlé. Àwòko gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu.

Aránṣọ ò kọrin.

Àwọn onílùù wo ara wọn, wọ́n tún yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu Àwòko ṣì wà ní lílà níwájú ogunlọ́gọ̀ yẹn, kò lè pa á dé, kò lè wẹ̀yìn. Òógùn yọ lẹ́yìn ọrùn ẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú aṣọ. Ẹnì kan hó láàárín èrò. Èjìká Àwòko bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kò tún ṣe díẹ̀díẹ̀ mọ́.

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tó wù ú, ó kọrin.